Ọdẹ kan, agbálẹ̀ kan: bí mo ṣe ń fi àwọn sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń lé amí wéra

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní kọ̀ǹpútà òun ń ṣe ségesège. Bí òun bá béèrè nǹkan lọ́wọ́ Google, ojúewé tí òun kò mọ̀ rí ló ń dáhùn. Fáànù inú rẹ̀ kò sì sinmi mọ́, àfi bíi pé ó fẹ́ fò. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti fi nǹkan tó ń lé amí sórí rẹ̀?" Ó dá mi lóhùn kíá: "Mẹ́ta ni mo fi sí i! Ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn."

Wàhálà náà nìyẹn. Nígbà tí mo jókòó ti kọ̀ǹpútà yẹn, mo rí i pé méjì nínú mẹ́ta ń bá ara wọn fà á lábẹ́lẹ̀: fáìlì tí ọ̀kan bá ṣí láti tú wò, èkejì a sáré wá tún un tú. Ohun tó ń mú fáànù pariwo nìyẹn. Ẹ̀kẹta ní àwòrán apata pupa níwájú. Ó ní òun ti rí ewu 437, kí ẹ̀gbọ́n mi tètè sanwó kí òun lè bá a kó wọn dànù. Mo já íntánẹ́ẹ̀tì kúrò, mo ní kó tún wá ewu náà lẹ́ẹ̀kan sí i. 437 ló tún rí, kò lé, kò dín, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 11. Mo pa fáìlì bíi mélòó kan rẹ́, mo tún un ṣe. 437. Kì í tú nǹkan kan wò rárá. Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Òun gan-an ni amí tí à ń wá.

Látọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ló dáa jù nínú àwọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́, n kì í dárúkọ kankan kí n tó béèrè nǹkan méjì mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni náà. Windows ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí jù, torí òun ló pọ̀ jù nílé àwọn èèyàn. Màá fẹnu ba Mac díẹ̀ tó bá yá.

Ta ni à ń lé?

Amí inú kọ̀ǹpútà pọ̀ ní oríṣiríṣi. Ọ̀kan wà tó ń ka gbogbo bọ́tìnnì tí ẹ bá tẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ fi ń wọ àkáǹtì báńkì. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé ibi tí ẹ ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń kọ sílẹ̀, tí yóò tà á fún àwọn olùpolówó. Òmíràn á kàn gba bùráúsà, ìyẹn ohun tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, mọ́ yín lọ́wọ́, á yí ojúewé àkọ́kọ́ padà, á máa darí yín síbi tí wọ́n ti ń sanwó fún un.

Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí kì í sábà já ilẹ̀kùn. Ẹ fẹ́ sọ́fítíwíà tí yóò yí fáìlì padà sí PDF, ẹ rí ọ̀kan, ẹ tẹ Next, Next, Next, ẹ kò sì wo àpótí kékeré tí wọ́n ti bá yín fàmì sí. Ẹ ti gbà á láyè nìyẹn. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Nítorí pé onílé ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, àwọn tó ń ṣe antivirus láyé ijọ́un kò kà wọ́n sí iṣẹ́ tiwọn. Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń lé. Àyè yẹn ni àwọn mìíràn rí: Ad-Aware ti ilé iṣẹ́ Lavasoft jáde ní 1999, Spybot Search & Destroy tí Patrick Kolla ará Jámánì ṣe sì tẹ̀ lé e ní 2000. Microsoft ra ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ GIANT Company Software ní oṣù Kejìlá 2004, ó sì gbé iṣẹ́ wọn jáde gẹ́gẹ́ bí AntiSpyware tirẹ̀ fún ìdánwò ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ní 2006 ó di Windows Defender. Amí nìkan ló ń lé nígbà náà. Ìgbà tí Windows 8 dé ní 2012 ni wọ́n kó iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì mọ́ ọn.

Mo ń sọ ìtàn yìí nítorí pé ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó ṣì ń kiri, ọdún 2005 ni wọ́n ti kó o wá. "Fi antivirus sí i, kí o tún wá fi anti-spyware sí i." Lónìí, ẹnì kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹni tó bá sì ṣì ń kó wọn jọ bíi ti àtijọ́ ni yóò ní irú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi.

Ìbéèrè tó ṣáájú gbogbo ìbéèrè

Ṣé ọdẹ ni sọ́fítíwíà yìí àbí agbálẹ̀? Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Ọdẹ ni èyí tí kì í sùn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà látìgbà tí ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà, fáìlì tó bá fẹ́ wọlé ló ń yẹ̀ wò kó tó wọlé. Agbálẹ̀ ní tiẹ̀, àfi kí ẹ pè é. Yóò gbá ilé, yóò kó ìdọ̀tí, yóò sì máa lọ. Bí wọ́n bá kọ real-time protection sí i, ọdẹ nìyẹn. Bí ẹ bá rí on-demand scanner, agbálẹ̀ ni.

Ọdẹ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ń fẹ́. Ẹni tó bá gbé ọdẹ méjì sẹ́nu ọ̀nà kan, òun gan-an ni ọ̀dẹ̀. (Ẹ má bínú, àmì ohùn ló tì mí sí i.) Agbálẹ̀ lè tó méjì tàbí mẹ́ta, wọn kì í bá ara wọn jà, bí ẹ kò bá ṣáà ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà.

Ibi tí ọ̀fẹ́ ti ń tan èèyàn jẹ gan-an nìyí: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pe ara wọn ní anti-spyware ọ̀fẹ́, agbálẹ̀ ni wọ́n. Iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n ń tà. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀, ó ṣe tán wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun, àmọ́ ẹni tó bá gbé agbálẹ̀ wálé tó rò pé ọdẹ ni òun gbà, yóò máa sùn láì tilẹ̀kùn.

Àwọn tí mo ti lò

Microsoft Defender, ìyẹn Windows Defender tí mo sọ lókè, ni mo máa ń fi ṣe ọdẹ. Bí Windows 10 tàbí 11 lẹ ń lò, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kò ní í lọ wá a níbì kankan, ìdí kan tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn: ẹni tí kò wá sọ́fítíwíà kiri kò lè ṣèèṣì gba ayédèrú. Àmọ́ ó ní ibì kan tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara yín ṣí. Àwọn ìdọ̀tí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wọn nílé, orúkọ tí Microsoft ń pè wọ́n ni potentially unwanted app. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ tẹ App & browser control, kí ẹ wá tẹ Reputation-based protection settings. Ẹ ó rí Potentially unwanted app blocking níbẹ̀. Ẹ tan án, kí ẹ sì fàmì sí àpótí méjèèjì tó wà lábẹ́ rẹ̀, Block apps àti Block downloads. Block downloads, bùráúsà Edge nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́; bó bá jẹ́ Chrome tàbí Firefox lẹ ń lò, Block apps ni yóò mú fáìlì náà lẹ́yìn tó bá ti balẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi, pípa ni mo bá a. Ká ní títàn ló wà ni, bóyá n kì bá tí rí nǹkan kọ.

Bí ẹ bá ti wà nínú Windows Security bẹ́ẹ̀, ẹ wo Virus & threat protection, ẹ tẹ Manage settings, kí ẹ rí i pé Tamper Protection wà ní títàn. Òun ni kì í jẹ́ kí amí tó bá ráyè wọlé lọ pa ọdẹ lẹ́nu mọ́.

Ẹni tó bá ṣì wà lórí Windows 10, kó mọ̀ pé Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, àyàfi fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò. Ọdẹ lè ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ògiri bá lanu, ibẹ̀ ni alángbá ń gbà.

Malwarebytes ni agbálẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kàn jù, ó sì tọ́ sí i. Ó mọ ìdọ̀tí inú bùráúsà dáadáa, ó máa ń rí ohun tí ọdẹ kà sí nǹkan kékeré. Kiní kan ni kí ẹ ṣọ́. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sórí kọ̀ǹpútà, ó lè fún yín ní ẹ̀dà olówó fún ọjọ́ 14 kí ẹ fi tọ́ ọ wò. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ọdẹ ni, Windows sì lè fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Tí ọjọ́ 14 bá pé tí ẹ kò sanwó, ó padà di agbálẹ̀ lásán. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ ọjọ́ tí ọdẹ yẹn bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ padà sínú Windows Security kí ẹ fojú ara yín rí i pé Defender ti padà sí ipò rẹ̀.

AdwCleaner ni ààyò mi nínú àwọn agbálẹ̀. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Xplode ló ṣe é ní 2011, Malwarebytes sì rà á ní oṣù Kẹwàá 2016. Kò ní kí ẹ fi òun sórí kọ̀ǹpútà. Fáìlì kan ṣoṣo ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi parí. Kò bìkítà fún fáírọ́ọ̀sì ńlá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni àwọn tó gba bùráúsà, àwọn ọ̀pá irinṣẹ́ (toolbar) tí ẹ kò bẹ̀ kí wọ́n wá, àti ìpolówó tó ń yọ lójijì. Bí ìṣòro yín bá jẹ́ pé ojúewé àkọ́kọ́ yí padà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ má tíì da ara yín láàmú pẹ̀lú èyíkéyìí mìíràn.

Àwọn yòókù, kí n sáré dárúkọ wọn. Emsisoft Emergency Kit dára fún ẹni tó fẹ́ gbé agbálẹ̀ sórí flash kó máa gbé e kiri. Ọ̀fẹ́ ni fún ìlò ara ẹni. ESET Online Scanner ń tú gbogbo ilé látòkè délẹ̀, àmọ́ ó lè pẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sùn. Yóò béèrè bóyá ẹ fẹ́ kó wá àwọn ìdọ̀tí tí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Microsoft Safety Scanner náà wà, àmọ́ ọjọ́ 10 péré ni ẹ̀dà tí ẹ bá gbà ń lò kó tó kú, ẹ ó tún lọ gba òmíràn. SUPERAntiSpyware ọ̀fẹ́, agbálẹ̀ ni. Spybot ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n mọ́ jù, ìyẹn Immunize tó ń dínà mọ́ àwọn ibi búburú kí ẹ tó débẹ̀, àwọn bùráúsà òde òní ti ń ṣe é fúnra wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn ọ̀rẹ́ ilé ìwé. N kì í pè é wá ṣiṣẹ́ mọ́.

Avast àti AVG tirẹ̀ ńkọ́? Ọdẹ gidi ni ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wọn, wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ amí là ń sọ, n kò sì lè fo èyí: ní 2020 ó hàn sí gbangba pé Avast ń kó àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn tó ń lò ó ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ̀ka rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jumpshot sì ń tà á. Wọ́n ti Jumpshot pa lóṣù kìn-ín-ní ọdún náà. Ní 2024, àjọ FTC tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là, ó sì fòfin dè wọ́n pé wọn kò gbọdọ̀ ta irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìpolówó mọ́. N kò ní kí ẹ má lò ó. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ ṣí Settings ọdẹ ọ̀fẹ́ èyíkéyìí, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ privacy sí, kí ẹ ka ohun tí wọ́n ti bá yín fàmì sí, kí ẹ sì pa èyí tí kò bá yín lára mu.

Ní ti Mac, Apple ti fi XProtect síbẹ̀ láti 2009, òun ni ọdẹ ilé. Malwarebytes ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́ fún Mac náà. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tó ń jí fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti tan Mac yín, KnockKnock ti Objective-See yóò tò ó kalẹ̀ fún yín. Kì í lé ẹnikẹ́ni jáde o. Ó kàn ń tọ́ka ni.

Bí ẹ ṣe lè fi wọ́n wéra fúnra yín

Ẹ má ka iye. Mo tún un sọ: ẹ má ka iye.

Mo ní kọ̀ǹpútà àgbàlagbà kan tí mo fi ń dán nǹkan wò. Mo pe agbálẹ̀ méjì sí i lọ́jọ́ kan, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, n kò jẹ́ kí èyí àkọ́kọ́ kó nǹkan kan kúrò kí èkejì náà lè bá a. Àkọ́kọ́ ní òun rí ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Èkejì rí mẹ́fà. Ẹni tó bá ń ka iye yóò ti gbé àkọ́kọ́. Mo ṣí àwọn orúkọ tó kọ sílẹ̀, mo ń fi ìka kà wọ́n lọ sísàlẹ̀: kúkì, kúkì, kúkì. Kúkì jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré tí ojúewé kọ sínú bùráúsà yín kó lè dá yín mọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ó lè tọpa yín, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ kankan fúnra rẹ̀, bí ẹ bá sì pa á rẹ́ lónìí, ó di dandan kó padà lọ́la. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Delete lẹ́ẹ̀kan náà nínú bùráúsà, ẹ fàmì sí kúkì nínú àpótí tó bá yọ, ẹ gbà kó pa wọ́n rẹ́, ẹ kò nílò sọ́fítíwíà kankan. Nígbà tí mo yọ kúkì kúrò, márùn-ún ló ṣẹ́ kù fún alárìíwísí yẹn. Márààrún náà sì wà nínú mẹ́fà ti èkejì.

Nítorí náà, orúkọ ni kí ẹ kà. Bí Defender bá kọ PUA síwájú orúkọ, ìdọ̀tí lásán ni, PUP.Optional ni Malwarebytes máa ń kọ ní tiẹ̀. Ẹ lè kó wọn láì bẹ̀rù. Àmọ́ bí ẹ bá rí TrojanSpy tàbí PWS lọ́dọ̀ Defender, ọ̀rọ̀ ti kọjá gbígbá ilé. PWS ni ó fi ń pe àwọn tó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹ dìde nídìí kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn láti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì yín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, torí ẹni tó bá ti ní ímeèlì yín lè gba gbogbo àkáǹtì yòókù.

Ní ti ọdẹ, ẹ̀yin àti èmi kò lè dán an wò nílé bó ṣe yẹ, nítorí pé àfi kí a lọ kó amí gidi wá. Àwọn tó ń fi ṣiṣẹ́ wà: AV-TEST ní Magdeburg ní Jámánì àti AV-Comparatives ní Innsbruck ní Austria. AV-TEST ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú 6 fún ìdáàbòbò, 6 fún bí kò ṣe dá kọ̀ǹpútà dúró, 6 fún bí kò ṣe ń fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀, àròpọ̀ 18. Èyí tó kẹ́yìn ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò. Ọdẹ tó ń mú onílé lọ́jọ́ gbogbo, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi lé e lọ, a ó sì wà láìní ọdẹ.

Ohun tí ẹ lè dán wò nílé ni bóyá ọdẹ yín jí. Fáìlì kan wà tó ń jẹ́ EICAR, kò ju lẹ́tà àti àmì 68 lọ, kò lè pa nǹkan kan lára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọdẹ ló ti fohùn ṣọ̀kan pé àwọn yóò mú un bí àwọn bá rí i. Ẹ gbà á lójúewé àjọ EICAR fúnra rẹ̀. Bí ọdẹ yín kò bá sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó máa sùn. Àjọ AMTSO, tó ń ṣètò bí a ṣe ń dán àwọn ọdẹ wò, náà ní irú rẹ̀ fún àwọn ìdọ̀tí tí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, òun ni mo fi mọ̀ pé ètò Potentially unwanted app tí mo tàn fún ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́.

Kí ẹ tó fi èyíkéyìí tí ẹ kò mọ̀ rí sórí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé fáìlì rẹ̀ lọ sí VirusTotal. Google ló ni ín láti 2012, antivirus tó lé ní 60 ni yóò bá yín wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹyọ kan tàbí méjì bá figbe ta, ó lè jẹ́ àṣìṣe. Bí ogún bá figbe ta, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má gbé ìwé àṣírí yín lọ síbẹ̀ o, nítorí ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀, àwọn mìíràn lè rí i.

Ayédèrú bíi ti alápata pupa yẹn kì í ṣe tuntun. SpySheriff àti WinFixer ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní bí ogún ọdún sẹ́yìn. Àmì tí mo fi ń dá wọn mọ̀ kò yí padà: wọ́n rí ewu kí ẹ tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́, wíwá ewu jẹ́ ọ̀fẹ́ ṣùgbọ́n kíkó o jẹ́ owó, wọ́n sì ń fi ìṣẹ́jú tó ń dín kù halẹ̀ mọ́ yín.

Bí mo ṣe gbá kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi

Mo kọ́kọ́ kó àwọn fọ́tò àti ìwé rẹ̀ sórí flash. Lẹ́yìn náà mo ṣí Settings, Apps, Installed apps, mo ní kó tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n wọlé. Ọjọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀ yọ síta fúnra rẹ̀: nǹkan mẹ́rin ló wọlé ní ọ̀sán kan náà, aṣíwájú wọn sì ni ohun tó ń yí fáìlì padà sí PDF. Mo yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo yọ alápata pupa, mo sì yọ ọdẹ méjèèjì tó ń jà. Nígbà tí mo yọ èkejì wọn tán, Defender dìde fúnra rẹ̀. Fáànù dákẹ́ kí n tó tún ṣe nǹkan kan.

Mo lo kọ̀ǹpútà tèmi láti gba AdwCleaner. Mo fi ọwọ́ tẹ àdírẹ́sì Malwarebytes fúnra mi, n kò wá a lórí Google, torí àwọn ayédèrú máa ń sanwó ìpolówó kí wọ́n lè ṣíwájú lókè. Ó rí mẹ́sàn-án. Mo ní kó fi gbogbo rẹ̀ sí àtìmọ́lé, ìyẹn quarantine, kó má tíì pa wọ́n rẹ́. Agbálẹ̀ máa ń ṣèèṣì gbá nǹkan onílé mọ́ ìdọ̀tí, bó bá sì wà ní àtìmọ́lé, ẹ lè dá a padà. Ó ní kí n pa kọ̀ǹpútà kí n tún un tàn. Lẹ́yìn náà ni Malwarebytes, tó rí méjì sí i.

Mo wá lọ sí Virus & threat protection, Scan options, mo yan offline scan. Kọ̀ǹpútà yóò pa ara rẹ̀, yóò sì tún tan, ṣùgbọ́n Defender yóò ti máa tú ilé kí Windows fúnra rẹ̀ tó jí, kí amí tó ń sá pamọ́ má baà ríbi sá sí. Bí ìṣẹ́jú 15 ni. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ tí ẹ bá ń ṣe lọ́wọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Bùráúsà ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Mo yọ gbogbo àfikún (extension) tí ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ ohun tó ń fi ṣe. Mo wá wo Notifications: ojúewé 14 ló ti fún ní àyè láti máa ránṣẹ́ sí i. Àwọn ìkìlọ̀ "kọ̀ǹpútà rẹ ti kó àrùn" tó ń yọ nígun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Kò sí agbálẹ̀ tó lè bá yín kó wọn tán, nítorí kì í ṣe sọ́fítíwíà ni wọ́n. Allow tí ẹ tẹ̀ ni.

Ohun kan wà tó yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Bí ẹ bá fura pé ẹnì kan tí ẹ mọ̀, tó ń lo kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú yín, ló fi amí síbẹ̀ láti máa ṣọ́ yín, ẹ má sáré gbá a dànù. Ẹni náà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ ti rí i. Ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé láti wá ìrànlọ́wọ́ ná. Àjọ Coalition Against Stalkerware, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019, wà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Mo ní kó ṣí Protection history kó máa kà á fún mi. Ó ní nǹkan kan wà níbẹ̀ láti àárọ̀ àná, PUA ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń ṣe ní àárọ̀ àná. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Mo fẹ́ yí fáìlì kan padà sí PDF ni," ó ní. "Ó kàn kọ̀ tí kò ṣí."